Àṣìṣe tí à ń ṣe tí a bá ń yẹ ọ̀fun aláìsàn wò lórí fóònù

"Dókítà, wọn ò wúkọ́ rárá o!"

Ọmọbìnrin ìyá kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti Ṣakí, lórí fídíò WhatsApp, inú rẹ̀ sì dùn. (Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì ni mò ń ṣe, àmọ́ àlàyé rẹ̀ ti sú mi.) Oṣù kan ṣáájú ni rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá. Wọ́n mu ìdajì ife omi lójú mi, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní kí wọ́n máa fún wọn lómi. Lọ́jọ́ kẹta, ara wọn gbóná, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé ìwòsàn ní òtútù àyà ni. Omi tí kò mú wọn wúkọ́ yẹn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí à ń ṣe, mi ò rí èyí tó burú tó o: ká rò pé ibi tí kò bá ti sí ikọ́, kò séwu. Rọpárọsẹ̀ àti àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, lè pa ìmọ̀lára ọ̀fun débi pé nǹkan á yà sí ọ̀nà èémí, ara ò ní fura. Fóònù ò lè rí ibẹ̀. Ẹ̀rọ x-ray tó ń ya gbígbé mì bíi fíìmù ló lè rí i, tàbí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí, èyí tí wọ́n ń gba imú kì bọ ọ̀fun. Iṣẹ́ tiwa lórí fóònù ni láti mọ ẹni tó yẹ ká tètè gbé lọ síbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni mu nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ṣé òtútù àyà ti mú wọn rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí? Ṣé wọ́n ń rù? Báwo ni oúnjẹ ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn tó? Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ń pè ní EAT-10, tí aláìsàn ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti tó 3, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ àyẹ̀wò.

Ẹ má fi ojú bàbá tàbí ìyá kún gbogbo fídíò. Gògóńgò lẹ fẹ́ rí, bó ṣe ń gòkè tó sì ń padà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú gèlè tàbí ìborùn tó bo ọrùn, kí wọ́n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́, kí fèrèsé má sì wà lẹ́yìn aláìsàn. Pílásítà funfun kékeré tí a lẹ̀ mọ́ gògóńgò á jẹ́ kó hàn ketekete. Ní ti ohùn, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ áàpù ìpè ló ń yọ ariwo kúrò fúnra wọn, wọ́n sì lè ka ikọ́ kékeré tàbí ohùn tí omi wà nínú rẹ̀ sí ariwo. Ẹ ní kí wọ́n fi fóònù ká a sílẹ̀ nítòsí, kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ẹni kan ṣoṣo kì í di fóònù mú kó tún máa fi ṣíbí fún aláìsàn. Ẹni méjì ni. Kí ẹnu tó kan omi, ẹ gba àdírẹ́sì ilé, ẹ mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, kí ẹ sì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ṣíbí dúró.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe jù. Omi, yọ́gọ́ọ̀tì àti bisikíìtì ni ìwé ní ká fi ṣe àyẹ̀wò. Bàbá kan tí mò ń wò n'Ígbóọrà ò fi yọ́gọ́ọ̀tì kan ẹnu rí. Àmàlà ni wọ́n ń jẹ. Òkèlè ni a máa ń gé, a fi run ọbẹ̀, ó di ọ̀fun. Ọmọ tó bá ń rún ẹ̀bà lẹ́nu, wọn á ní kó yé ṣeré. Kí wá ni bisikíìtì tí bàbá rún dáadáa sọ fún mi nípa òkèlè tí wọn ò ní rún? Ewédú náà ń yọ̀, ó lè dé ọ̀fun kí ọ̀fun tó pa ọ̀nà èémí dé. Mi ò ní kí ẹ fi àmàlà bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò o. Ẹ bèèrè nípa rẹ̀, ẹ sì wo bí òkèlè ṣe tóbi tó.

Bákan náà ni ògì. Ẹ má gba "ó ki díẹ̀" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, torí ògì gbígbóná máa ń ṣàn ju èyí tó ti tutù. IDDSI, ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí oúnjẹ àti ohun mímu ṣe ki tó, ní ká da mílílítà 10 sínú sírínjì, ká jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ bá jẹ́ mílílítà 1 sí 4, ipele 1 ni, ìyẹn ni pé ó ki díẹ̀ ju omi lọ. 4 sí 8, ipele 2, ó tún ki jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọn sírínjì yẹn o: láti 0 dé 10 gbọ́dọ̀ gùn ní mílímítà 61.5. Ẹ tún rántí ẹ̀kọ tí a jẹ kù, bó ṣe máa ń domi. Itọ́ tó bá ṣíbí wọ inú abọ́ ló ń tú u. Ohun tó ki nígbà tí ìyá bẹ̀rẹ̀ lè ti di omi kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dàrú lẹ́nu rẹ̀ lè máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ìbéèrè. Ẹni tí ogbó ti mú iyè rẹ̀ lọ ò ní tẹ̀lé "ẹ gbé e mì", ẹ jẹ́ kó jẹun bó ṣe máa ń jẹ, kí ẹ máa wò. Àgbà ò sì ní sọ lójú ìyàwó ọmọ wọn pé itọ́ ń dà lẹ́nu àwọn. Ẹ wá àyè bá wọn nìkan sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ má bèèrè bóyá wọ́n ń rọ ọ́. "Rárá, ṣíbí ni" ni wọ́n máa dá yín lóhùn, torí nọ́ọ̀sì ti bú wọn rí. Ẹ sọ pé kí wọ́n fún un lóúnjẹ kí ẹ rí i. Ìyá àgbà á tẹ́ ọmọ sórí itan, á kó àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ògì á máa wọlé bí ọmọ ṣe ń sunkún tó sì ń fa èémí. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ náà dìde jókòó ná.

Àwọn ìwé kan ní ká máa wò ó bóyá ojú aláìsàn ń di búlúù nítorí pé afẹ́fẹ́ ò tó o. Lára adúláwọ̀, lórí fídíò tó ń já, ta ló máa rí i? Inú ètè àti ahọ́n ni kẹ́ ẹ wò, kí ẹ sì ka bí aláìsàn ṣe ń mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá lè gbé iye tó ju òótọ́ lọ fún awọ dúdú.

Ìyá Ṣakí ti padà sílé. Wọ́n ń jókòó tààrà sórí àga jẹun báyìí, wọn kì í sì í dùbúlẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi pé. Tí mo bá ti pè, kí ọmọ wọn tó kí mi tán, á ti bèèrè pé: "Ṣé kí n lẹ pílásítà?"