Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa Ian Woosnam: ohun tó yẹ kí ẹ yé sọ

Ẹ dárúkọ Ian Woosnam níbi tí àwọn tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù bá péjọ sí, kí ẹ wá dákẹ́. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi bú sẹ́rìn-ín pé, "Ṣé ẹni tó gbé igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ pápá yẹn?" Ìtàn náà dùn ún sọ, òótọ́ sì ni: igi ìgbábọ́ọ̀lù tó gbé wọ pápá fi ọ̀kan ju iye tí òfin gbà lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Wales yìí gba ìdíje 29 lórí European Tour, ọ̀wọ́ ìdíje gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Yúróòpù, ó gba Masters, ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú gọ́ọ̀fù, ní 1991, ó sì wà ní ipò kìíní lágbàáyé fún ọ̀sẹ̀ 50. Kí èèyàn wá gbé gbogbo èyí tì, kó máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ọjọ́ kan ṣe odidi ìtàn rẹ̀, ó ń bí mi nínú. Mo kó àwọn àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù sílẹ̀ níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Woosnam lè mọ ibi tí kò yẹ kó tẹ ẹsẹ̀ sí.

Ẹ má ṣe sọ pé igi kẹẹ̀ẹ́dógún ló gba The Open lọ́wọ́ rẹ̀

Oṣù Keje ọdún 2001 ni, ní pápá Royal Lytham & St Annes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje The Open ni, tí òun náà wà lára ìdíje mẹ́rin ńlá yẹn. Àwọn mẹ́rin ló jọ wà lókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà: Woosnam, David Duval, Bernhard Langer àti Alex Cejka. Ihò àkọ́kọ́ ní Lytham jẹ́ par 3, ìyẹn ihò kúkúrú tí wọ́n retí kí èèyàn fi gbígbá mẹ́ta parí, ohun tí ẹ kì í sábà rí ní àwọn pápá ńláńlá. Woosnam mú irin, igi tí wọ́n ń lò fún ibi tí kò jìnnà púpọ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù sókè, díẹ̀ ló kù kí bọ́ọ̀lù náà já sínú ihò tààrà. Ó kàn rọra tì í wọlé ni. Birdie nìyẹn, gbígbá kan dín sí par. Ọkùnrin ẹni ọdún 43, orúkọ rẹ̀ ti gun òkè pátákó tí wọ́n ń kọ iye sí.

Wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n ti máa gbá ihò kejì. Ibẹ̀ ni kádì rẹ̀, Miles Byrne, ẹni tó ń bá a gbé àpò igi, ti rí i pé driver méjì, igi ńlá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, ló wà nínú àpò. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé inú á bí i gidigidi, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Igi mẹ́rìnlá péré ni òfin gbà láyè. Inú bí Woosnam lóòótọ́: ó ju fìlà mọ́lẹ̀, ó ju driver kejì sínú koríko. Ó pe alákòóso, wọ́n fi gbígbá méjì kún iye rẹ̀, birdie di bogey, gbígbá kan ju par lọ, níṣojú gbogbo ayé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí ìṣirò ni àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í fẹ́ ṣe. Duval parí pẹ̀lú 274. Woosnam parí pẹ̀lú 278. Ẹ yọ gbígbá méjì tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà kúrò, ó ku 276. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló ń borí nínú gọ́ọ̀fù, 276 kò sì lè borí 274. Niclas Fasth, ọmọ Sweden, gbá 277, òun ló ṣe ipò kejì. Ipò kejì yẹn ni igi kẹẹ̀ẹ́dógún gbà lọ́wọ́ Woosnam, kì í ṣe ife. Ipò kejì náà kò kéré o: 360,000 pọ́ùn ni wọ́n san fún Fasth, nígbà tí Woosnam àti àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ wà ní ipò kẹta gba 141,667 pọ́ùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní ọkàn rẹ̀ ló dàrú lẹ́yìn náà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú ihò mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó ṣe bogey nínú méjì. Àmọ́ ó ṣe eagle, gbígbá méjì dín sí par, ní ihò kẹfà. Gbogbo ohun tó gbá lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìyà yẹn nínú, jẹ́ 71. Duval gbá 67. Kò sẹ́ni tó ji ife fún Duval, kí ẹ má fi ìtàn dídùn gba iyì oníyì.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru kádì

Iṣẹ́ kádì ni láti ka igi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sí àwíjàre. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni òfin di mú. Driver méjì ni Woosnam ń dán wò níbi ìdánrawò kó tó bọ́ sí pápá, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan tí kò yẹ ti bá wọn lọ. Ẹ tún wo bí pápá náà fúnra rẹ̀ ṣe dá kún un: ká ní ihò àkọ́kọ́ gùn bíi ti ọ̀pọ̀ pápá, driver ló máa na ọwọ́ mú, á rí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á yọ ọ̀kan kúrò kó tó gbá ohunkóhun, kò sì ní sí ìyà kankan. Par 3 yẹn ló jẹ́ kó jẹ́ irin ló kọ́kọ́ mú.

Àwọn míì máa ń fi iyọ̀ sí i pé ó lé kádì náà lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi í síṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé Sweden lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí Byrne sùn kọjá àkókò tó yẹ kó dé pápá, ni iṣẹ́ bọ́. Oorun ló lé Byrne, kì í ṣe driver.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá gọ́ọ̀fù fúnra yín, ẹ má fi èyí rẹ́rìn-ín kí ẹ sì gbé àpò yín láìkà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra driver tuntun tí kò tíì yọ ti àtijọ́, ẹni tí ọ̀rẹ́ yá ní putter, igi tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù wọ ihò, láti dán wò, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ki igi tirẹ̀ bọ àpò bàbá: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń ko ìyà náà. Ẹ kà á kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì rí igi tó lé láàárín eré, ẹ má ṣe dọ́gbọ́n kì í bọ búùtù ọkọ̀. Ẹ wí i sókè fún ẹni tí ẹ jọ ń gbá pé igi báyìí kò sí nínú eré mọ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ láti fi gbá bọ́ọ̀lù. Gbígbá méjì ni wọ́n ń fi kún ihò kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti gbé e kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹni tó bá tún lò ó lẹ́yìn tó ti mọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje pátápátá.

Ẹ má pè é ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Oswestry ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1958, ìlú náà sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ààlà Wales rárá, pápá Llanymynech tó ti kọ́ gọ́ọ̀fù sì dúró lórí ààlà náà gan-an: ihò 15 wà ní Wales, mẹ́ta wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ihò kẹrin, Wales lẹ ti máa gbá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti máa tì í wọ ihò. Wales ni Woosnam ń ṣojú fún. Ní 1987, òun àti David Llewellyn gba World Cup gọ́ọ̀fù fún Wales ní Kapalua, ní Hawaii, lẹ́yìn tí wọ́n borí Scotland nínú àfikún eré. Wales kò tíì gbà á rí ṣáájú ìgbà náà.

Ẹ má sì ṣe sọ pé òun nìkan ni Wales ní. Dai Rees ló ṣe olórí ikọ̀ Bìrìtéènì tó gba Ryder Cup, ìdíje ikọ̀ sí ikọ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà, ní 1957. Phillip Price na Phil Mickelson, ọmọ Amẹ́ríkà, nínú ìdíje yẹn kan náà ní 2002. Jamie Donaldson ló gbá bọ́ọ̀lù tó fún Yúróòpù ní ife náà ní Gleneagles ní 2014.

Ẹ má fojú kékeré wo ẹni kúkúrú

Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 4 ààbọ̀ ni gíga Woosnam. Àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní gọ́ọ̀fù ni mo ń bá wí níbí, torí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ tí kò ga kò lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Oko ni àwọn òbí Woosnam ń dá, iṣẹ́ oko ló sì fún un ní apá àti èjìká tó fi ń lu bọ́ọ̀lù.

Ẹ wo Augusta, pápá tí wọ́n ti ń gbá Masters, ní 1991. Ihò ìkẹyìn ló kù. Òun àti Tom Watson jọ ń gbá, wọ́n wà ní dọ́gbadọ́gba. José María Olazábal ti ṣe bogey níwájú wọn. Bọ́ọ̀lù Watson yà sínú igbó igi lápá ọ̀tún. Kòtò iyanrìn wà lápá òsì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún. Woosnam dojú kọ ọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù gba orí kòtò náà kọjá, ó já sí ibi gbalasa lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó gbá a dé ẹ̀gbẹ́ green, koríko gígé kúkúrú tó yí ihò ká, ó tì í, ó ku ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí ihò. Bó bá wọlé, ife ni. Bí kò bá wọlé, àfikún eré. Ó wọlé. Ó di 277, gbígbá kan ló fi borí Olazábal. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló bọ́ sí ipò kìíní lágbàáyé.

Ẹ má rò pé ó tètè dé ibẹ̀

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀fù jẹun ní 1976, kò sì gba ìdíje kankan lórí European Tour títí di Swiss Open ní 1982. Ọdún mẹ́fà gbáko. Inú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe bí ilé ló ń sùn láti ìlú dé ìlú, ẹ̀wà inú agolo ló ń jẹ. (Ẹ̀wà inú agolo, tí wọ́n fi súgà sí! Ìyà gidi nìyẹn.) Ẹni tó bá ń wo ọmọ tó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́ta láìrí owó, kó má ṣe sọ pé kò mọ̀ ọ́n gbá.

Ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ìtàn yìí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń fò ó. Ó gba Zambia Open ní 1985 àti Kenya Open ní 1986. Sandy Lyle, tí òun àti Woosnam jọ ń gbá láti kékeré ní Shropshire, agbègbè tí Oswestry wà, ti gba Nigerian Open ní 1978, ní pápá Ikòyí wa níbí, láyé ìgbà tí wọ́n ń ti bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn dípò koríko.

Ẹ má ṣe sọ pé kò lè dá jà

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá ni pé ìgbà mẹ́jọ ló gbá Ryder Cup, láti 1983 dé 1997, kò sì borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá dá nìkan kojú ẹnì kan. Òótọ́ ni: ó pàdánù mẹ́fà, ó ta ọ̀mì nínú méjì. Kí ló wá dé tí wọn kì í dárúkọ World Match Play? Ẹnì kan sí ẹnì kan ni wọ́n ń gbá ìyẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Woosnam gbà á ní 1987, ó gbà á ní 1990, ó tún gbà á ní 2001, nígbà tó na Pádraig Harrington ní Wentworth. Ẹ padà lọ wo ọdún tó kẹ́yìn yẹn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ driver méjì ni.

Nígbà tó wá di olórí ikọ̀ Yúróòpù nínú Ryder Cup ní 2006, wọ́n bú u nítorí àwọn tó yàn. Thomas Bjørn, tí kò mú, sọ̀rọ̀ sí i ní gbangba débi tí wọ́n fi bu owó ìtanràn fún un. Woosnam ti mú Lee Westwood àti Darren Clarke, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Clarke gbá ìgbà mẹ́ta ní K Club, pápá ìdíje náà ní Ireland, ó borí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yúróòpù fi 18½ sí 9½ na Amẹ́ríkà.

Àwọn tó sì gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí kò wo 2008, ọdún tó pé ẹni 50. Ó bọ́ sáàárín àwọn àgbà lórí European Seniors Tour, ó sì parí ọdún náà ní ipò kìíní. Ó ti ṣe ipò kìíní lórí European Tour fúnra rẹ̀ ní 1987 àti 1990. Kò sí ẹni tó ṣe méjèèjì rí ṣáájú rẹ̀.