Bí Bíríkìlà Ṣe Ń Wo Ilé Olódi

Ẹni tó bá dé iwájú ilé olódi, ì báà jẹ́ ti Yúróòpù tàbí ti Japan, òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ wò, á sì yọ fóònù jáde. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ ògiri ni èmi sì máa ń wò ṣáájú, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó ń ba ẹni tó kọ́lé lẹ́rù.

Ẹ mú ti Rochester, tó wà ní Kent níbí. Ẹ rìn yí ilé gogoro náà ká. Mẹ́ta nínú igun mẹ́rin rẹ̀ mú ṣáṣá, ọ̀kan yòókù rí rìbìtì. Ní 1215, John, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dó ti ilé yìí. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ lọ sábẹ́ igun kan, wọ́n fi òpó igi gbé e ró, wọ́n wá fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ 40 dáná sun àwọn òpó náà. Igun wó. Síbẹ̀ àwọn tó wà nínú ilé ò jáde: ògiri nípọnnípọn kan wà tó pín inú ilé sí méjì, ẹ wọlé kí ẹ wá a, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sá sí títí ebi fi lé wọn síta. Nígbà tí wọ́n ń tún igun náà mọ, rìbìtì ni wọ́n mọ ọ́n, torí igun tó mú rọrùn láti wó. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ lọ̀tá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri Yúróòpù fi ki tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fa omi sínú yàrà tó yí i ká.

Ní Himeji ní Japan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ògiri kẹ́ ẹ wo àárín òkúta. Kò sí ohunkóhun tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀! Ògiri náà dagun lọ sẹ́yìn, á wá nàró bó ṣe ń gòkè. Àwọn ará ibẹ̀ fi wé abẹ̀bẹ̀. Omi òjò ń rí ibi gbà jáde láàárín òkúta, bí ilẹ̀ bá sì mì, òkúta lè sún díẹ̀. Kì í ṣe pé kì í wó o: ní oṣù kẹrin 2016, ìmìtìtì ilẹ̀ wó ọ̀pọ̀ ògiri Kumamoto, ilé olódi míì ní Japan. Igi ni wọ́n fi kọ́ òkè, iná ni wọ́n sì ń bẹ̀rù, ni wọ́n ṣe fi ẹfun rẹ́ Himeji nípọn. Gbogbo èèyàn ń yin funfun rẹ̀ pé ó dáa lójú. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ má kánjú sọ pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n kọ́ ju ẹnì kejì. Ní 1127 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Rochester, 1609 ni wọ́n parí ilé gíga Himeji. Ìbọn ti dé nígbà náà. Ẹ wo àwọn ihò ara ògiri lọ́nà tó ń yí kiri láti ẹnubodè Himeji: rìbìtì, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, fún ìbọn àti ọfà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè ta ló sùn lókè. Ní Rochester, olówó ilé gan-an ni: ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń yáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti kànga tó gba inú ògiri àárín dé àjà kọ̀ọ̀kan. Ní Himeji, ààfin ìsàlẹ̀ ni ìjòyè ń gbé. Òkè jẹ́ ibi ìkóhun-ìjà sí, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́nà, ibi ìsádi ìkẹyìn, àti ohun tí wọ́n fi ń han ará ìlú pé olúwa wọn nìyí. Àwọn ìkọ́ ìbọn àti ọ̀kọ̀ ṣì wà lára ògiri. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó dáa, bàtà ò wọ ibẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga ṣánṣán. Ní 1615, ìjọba Tokugawa, tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, pàṣẹ pé ilé olódi kan péré ni kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan ní. Èyí tó kù di ibi tí wọ́n ti ń ṣàkóso.

Bí ẹ bá rí lífítì nínú ilé gíga, kọnkéré tí wọ́n tún kọ́ lóde òní ni. Ti Osaka, 1931 ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé gíga àtijọ́ tó kù ní Japan ò ju 12 lọ. Himeji, Matsumoto àti Hikone wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn fo Osaka. Ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọdún 1620, ẹ sì máa rí àmì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Àmì ìjòyè tó kó òkúta wá ni. Irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lára òkúta Yúróòpù náà, àmọ́ ti agbẹ́kùúta fúnra rẹ̀ ni, kí wọ́n lè ka iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sì san owó rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ ògiri tí mo máa ń wò ṣáájú, àmì agbẹ́kùúta yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.