Pìsíìnì tó kún fọ́fọ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń mú ara gbóná kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà máa ń ní èémí, apá rẹ̀ sì máa ń le. Omi ibẹ̀ fẹ̀. Kò sí okùn tó pín in, kò sí ògiri tí èèyàn á dé kó tó yí padà. Bí ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Aguégués, abúlé orí ọ̀sà, bọ̀ bá yọ, ẹ yà fún un, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ wá mú ọmọ yẹn dé pìsíìnì tí ẹgbẹ́ mẹ́fà ti ń mú ara gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá wò ó. Kò ní tíì lọ, kò ní tíì bọ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì á fi bà á nímú, kóòṣì kan á máa fi Faransé pariwo mọ́ ọn, ìyá rẹ̀ á sì ti dìde lórí àga.

Ìjà inú omi yìí kì í sábà wá látọ̀dọ̀ ẹni tó ń sáré jù. Ẹni tí kò wò kó tó wọlé ló ń fà á, àti ẹni tó dúró síbi tí kò yẹ kó dúró. Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà yìí, ọ̀kan nínú méjèèjì ni ìdí rẹ̀, àyàfi ẹyọ kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ la ikú lọ.

Kí a fi orí bẹ́ wọlé

Ọrùn ni èyí ń ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ mú un. Ọmọ á gun pèpéle tí wọ́n fi ń bẹ́ sínú omi, á wo omi fìrí, á fi orí sọ. Ẹni tó ń bọ̀ nínú omi kò rí i, òun náà kò sì rí ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí a bá ń mú ara gbóná, ẹsẹ̀ la fi ń wọ pìsíìnì. Ẹ jókòó sí etí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di etí náà mú, ẹ dúró kí ẹni tó wà lára ògiri fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ lọ, kí ẹ tó rọra sọ̀ kalẹ̀ ní igun.

Ọ̀rọ̀ jíjìn omi tún wà níbẹ̀. World Aquatics, àjọ tí à ń pè ní FINA tẹ́lẹ̀, ní kí omi iwájú pèpéle jìn tó mítà 1.35 ó kéré tán, láti mítà 1 sí ògiri títí dé mítà 6. Pìsíìnì hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹgbẹ́ yá láti fi dánra wò, kì í ṣe nítorí ìdíje ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí bíbẹ́.

Àyè bíbẹ́ wà o. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje, bó bá ku díẹ̀ kí àsìkò mímú ara gbóná parí, wọ́n á kéde ojú ọ̀nà kan tàbí méjì, ìyẹn àyè tó wà láàárín okùn méjì, fún bíbẹ́ àti eré kúkúrú. Lílọ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí bíbọ̀: ẹ bẹ́ láti orí pèpéle, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ, ẹ jáde ní òdìkejì, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ẹni tó bá yí padà nínú omi níbẹ̀, abẹ́ ẹni tó ń bẹ́ bọ̀ ló forí lé yẹn.

Kí a máa tẹ̀lé ìlà dúdú

Ìlà dúdú tí wọ́n fà sí ìsàlẹ̀ omi máa ń wu ojú. Ẹni tó bá dá ojú ọ̀nà ní ló ni ín. Bí èèyàn bá ti ju méjì lọ, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ lẹ̀ mọ́ okùn apá ọ̀tún yín ní lílọ, ẹ tún lẹ̀ mọ́ okùn apá ọ̀tún yín ní bíbọ̀, bí sẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwa, ṣe ń gba ọ̀tún lójú títì wa. Àwọn tó ń gba ẹnubodè Ìgóòlò wọlé wá bá wa díje láti Nàìjíríà kò ní àwáwí kankan, torí wọ́n náà ti kúrò lápá òsì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ọsirélíà, òsì ló mọ́ ọn lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ọ̀nà kan lè máa yí sí ọ̀tún kí èyí tó tẹ̀ lé e máa yí sí òsì. Nítorí náà, ẹ dúró létí omi ná, kí ẹ wo bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń yí.

Àyè náà kéré ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Nínú pìsíìnì Òlíḿpíìkì tó gùn ní mítà 50, ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 2.5. Àgbàlagbà tó bá na apá méjèèjì, láti ìka dé ìka, lè tó mítà 1.8. Irú wọn méjì kò lè na apá pàdé ara wọn láàárín okùn méjì kí wọ́n má kọlu ara wọn. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ bíi labalábá ló yẹ kó kọ́kọ́ rántí èyí. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ níwájú rẹ̀, kó fi apá kan ṣe é, kí apá kejì nà síwájú títí wọn á fi kọjá lára ara wọn. Ní ti àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹsẹ̀ wọn ló ń gbá èèyàn níkùn. Kí wọ́n fún un mọ́ra.

Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ kò rí ibi tó ń lọ, ìyẹn la ṣe ta àsíá sókè ní mítà 5 sí ògiri, mítà 1.8 sókè omi. Kí oníkálukú mọ iye ìgbà tí apá òun ń yí láti abẹ́ àsíá dé ògiri. Bí pìsíìnì kò bá ní àsíá tó sì kún, ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kí a tẹ̀ lé ẹni iwájú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀

Àwọn ọmọdé ló ń ṣe èyí jù. Bí ẹni iwájú bá ti ṣí, wọ́n ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Omi tí ẹni iwájú ti là ń fa wọ́n lọ, wọ́n wá ń rò pé àwọn yára lónìí. Àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 5 ló yẹ kó wà, ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ nínú pìsíìnì mítà 25. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ mítà 100 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ń lo ìṣẹ́jú àáyá 25 láti lọ, 25 láti bọ̀. Àpapọ̀ jẹ́ 50. Bí èèyàn 10 bá fi ìṣẹ́jú àáyá 5 tẹ̀ lé ara wọn, ẹni kìíní máa padà dé ògiri nígbà tí ẹni kẹwàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 sẹ́yìn. Ojú ọ̀nà náà ti kún gẹ́gẹ́ nìyẹn. Ẹni kọkànlá kò ní ibi tó máa gbà. Ìṣirò yìí sì gbà pé gbogbo wọn ń yára bákan náà. Bí ẹyọ ẹnìkan bá lọ́ra, gbogbo wọn á tò sẹ́yìn rẹ̀. Kóòṣì tó kó ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọ̀dọ́ ọdún méjìdínlógún sí ojú ọ̀nà kan náà ti dá ìjà sílẹ̀ kí fèrè tó dún, kó má wá bú ọmọ kankan.

Kí a gbé ọjọ́ orí wọ inú omi

Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn kan. Nílé, ọmọdé kì í ré àgbà kọjá láìtọrọ gáfárà. Nínú pìsíìnì, ẹni tó yára ló ń ṣíwájú, ìbáà jẹ́ ọmọ ìkókó. Àṣà kárí ayé ni pé kí ẹni tó fẹ́ kọjá fi ìka kan ẹsẹ̀ ẹni iwájú lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹni iwájú lúwẹ̀ẹ́ dé ògiri, kó yà sí igun, kí onítọ̀hún kọjá. Lọ́dọ̀ wa, ibí ni nǹkan ti máa ń dàrú.

Ní ìdíje kan ní Kútọnu, ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn ọkùnrin kan tó lè bí i lọ́mọ. Ó fi ìka kàn án lẹ́sẹ̀ wẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bàbá náà dìde dúró láàárín omi, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí.

"Ta ló ń fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo fẹ́ kọjá ni."

"Kọjá? Ṣé o mọ ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn mi?"

Kó tó sọ ìyẹn tán, àwọn mẹ́rin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti rọ́ lu ara wọn. Ọ̀kan gbé omi mì, ó sì ń wúkọ́ mọ́ okùn. Ọmọbìnrin yẹn kò ṣe ohun tó burú kankan. Bàbá ló dúró sí àárín ọ̀nà, ibi tó burú jù tí èèyàn lè dúró sí. Ká ní ó bínú tán lára ògiri, kò sí ẹni tí ì bá farapa.

Irú bàbá mìíràn kì í dúró ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti kàn án lẹ́sẹ̀, ńṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí sáré kí ọmọdé má bàa kọjá. Á sá mítà 25, á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ á tún bá a. Agbára tó yẹ kó fi díje ti tán síbẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù débi pé wọ́n á rọ́ tẹ̀ lé àgbà títí wọn á fi jáde, ara wọn kò sì gbóná rárá. Àwọn mìíràn ń fa ẹsẹ̀ èèyàn ṣeré. Àwọn kan á já sí òsì láti fi ipá ré ẹni iwájú kọjá, wọ́n á sì pàdé ẹni tó ń bọ̀ ní orí sí orí.

Ní tèmi o, ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù níbí ni kí a yanjú rẹ̀ lára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó gbéra. Kí ọmọ kí àgbà dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n máa ṣíwájú?" Èèyàn díẹ̀ ló máa kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ọwọ́ bá kan ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ máa ru. Ẹ̀yin kóòṣì náà, ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ má dúró títí ọ̀rọ̀ á fi di ariwo.

Kí a sọ ògiri di ibi ìgbafẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ sinmi, igun ni tirẹ̀. Àárín ògiri ni àwọn tó ń yí padà ń lò. Mo ti rí ibi tí ọmọ márùn-ún tò sára ògiri bí ẹyẹ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, tí ẹni tó ń bọ̀ kò rí ibi fi ẹsẹ̀ tì. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lórí okùn. Wáyà wà nínú rẹ̀, ó sì ń já.

Àṣìṣe tó ń pani

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ" kì í ṣe àwàdà. Ọmọ tó lágbára á mí kíákíá lọ́pọ̀ ìgbà létí omi, á wá rì láti fi han ọ̀rẹ́ pé òun lè gba abẹ́ omi dé òdìkejì. Mímí kíákíá yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kún afẹ́fẹ́ rere (oxygen) tó wà lára. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lé afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń pọ̀ sí i lára tí èèyàn fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí òun mí. Nígbà tí kò bá sí i tó, ara kò ní ké sí ọmọ náà. Afẹ́fẹ́ rere á tán nínú ọpọlọ, á dákú lábẹ́ omi láìjà, láìpariwo. Nínú pìsíìnì tó kún, ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń ṣeré ni. Ìdíje pàápàá kò béèrè irú rẹ̀: lẹ́yìn bíbẹ́ tàbí yíyí padà, mítà 15 ni òfin gbà kí orí wà lábẹ́ omi nínú kírọ́ọ̀lù (ìlúwẹ̀ẹ́ ìdojúbolẹ̀ tí à ń fi apá kan tẹ̀ lé ìkejì), ẹ̀yìn àti labalábá. Ẹni tó bá ń pe ẹlòmíì níjà láti gba abẹ́ omi dé òdìkejì, ẹ lé e jáde lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un.

Òrí, ìtọ̀ àti irun

Òrí tí ìyá fi pa ọmọ lára láàárọ̀ dára fún ọyẹ́, kò dára fún pìsíìnì. Ó ń jẹ́ kí ògiri yọ̀. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì lọ tọ̀. Òórùn tí a máa ń pè ní òórùn kúlóríìnì, tí ń ta èèyàn lójú, ibi tí kúlóríìnì ti pàdé òógùn àti ìtọ̀ ló ti ń wá. Ní ti irun, ẹni tó di irun gígùn gbọ́dọ̀ dé fìlà rọ́bà, kí ó tú ìlẹ̀kẹ̀ orí rẹ̀ kúrò ṣáájú. Soul Cap, fìlà ńlá tí wọ́n ṣe fún irun wa, ni FINA kọ̀ ní 2021, kí wọ́n tó wá gbà á ní 2022. Nítorí náà, kò sí adájọ́ tó yẹ kó tún fi ìyẹn dá ọmọbìnrin dúró.

Bí fèrè bá dún pé kí gbogbo èèyàn jáde, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹ má gun ògiri iwájú níbi tí wọ́n gbé pátákó tó ń ka àkókò kọ́ sí. Ẹ nura, ẹ wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí ara tó gbóná ní agogo mẹ́jọ lè ti tutù kí wọ́n tó pe orúkọ yín ní agogo mẹ́sàn-án.