Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo lára ọmọ adìẹ

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé adìẹ kan láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Adátán, ní Abẹ́òkúta, lọ sí ọjà Láfẹ́nwá, mo sì tà á fún obìnrin kan gẹ́gẹ́ bí àkùkọ kékeré. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, kì í sì í jẹ́ kí adìẹ mìíràn sún mọ́ oúnjẹ bí òun bá ń jẹun, nítorí náà kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo tún pàdé obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Bọ̀dá, àkùkọ tí ẹ tà fún mi ti yé ẹyin mọ́kànlá.” Èyí tí mo fi sílẹ̀ nílé pé yóò máa yé ẹyin fún wa sì ni ó ń jí gbogbo àdúgbò láago mẹ́rin òwúrọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí bí àwa tí a ń sin adìẹ mẹ́wàá tàbí ogún sẹ́yìn ilé ṣe máa ń ṣi akọ mú fún abo. Kì í ṣe pé àmì kò sí. Àmì pọ̀, òmíràn sì dájú gan-an, ṣùgbọ́n adìẹ tí a mọ baba àti ìyá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà fún, àwa sì ń mú wọn lo fún adìẹ àdàlù tí ó kún ẹ̀yìnkùlé Abẹ́òkúta láti Òbáńtókò dé Ọ̀lọ́mọrẹ, tí ó jẹ́ pé àkùkọ ilé kẹta ni baba, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ra ìyá.

Àwọn kan kì í tilẹ̀ dúró kí ọmọ adìẹ jáde kí wọ́n tó ṣàṣìṣe. Wọn a máa ṣa ẹyin tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó sọ́tọ̀ fún jíjẹ pé akọ ni ó wà níbẹ̀, wọn a sì fi èyí tí ó rí roboto sábẹ́ àgbébọ̀ tí ó fẹ́ sàba, nítorí pé abo ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó bá ń kó ẹyin lójoojúmọ́ kò yẹ kí ó gba èyí gbọ́, nítorí ó mọ̀ pé àgbébọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bí ẹyin tirẹ̀ ṣe máa ń rí. Èyí tí ó yé ẹyin gígùn lónìí, gígùn náà ni yóò yé lọ́la. Bí ó bá jẹ́ pé ìrísí ẹyin ni ó ń sọ ọmọ di akọ, irú àgbébọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ní ọmọ tí ó jẹ́ abo títí yóò fi kú. Lára ìyá ni ọ̀rọ̀ náà ti ń parí, kí èèpo tó bo ẹyin rárá, ooru ọjọ́ 21 tí ẹyin sì ń gbà lábẹ́ ìyá tàbí nínú ẹ̀rọ kò lè yí i padà.

Àwọ̀ ni ó ń da ènìyàn láàmú jù, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ra Isa Brown rí, irú adìẹ ẹlẹ́yin tí ó ń ti oko ńlá wá, mọ̀ pé ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan tí ó pọ́n bí ẹ̀wà olóyin ni abo, èyí tí ó funfun tàbí tí ó rí rúsúrúsú sì ni akọ. Nínú Nera dúdú, irú adìẹ ẹlẹ́yin mìíràn, gbogbo ọmọ ni ó dúdú, ṣùgbọ́n akọ a ní àbàwọ́n funfun lórí bí ẹni pé fùláwà ta sí i, bí ó bá sì dàgbà, ìyẹ́ rẹ̀ a dà bí ti ẹtù. Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni pé àwọn tí ó ń pèsè adìẹ wọ̀nyí mọ̀ọ́mọ̀ yan baba àti ìyá ni. Àkùkọ ní krómósómù Z méjì (krómósómù ni ohun tíntìntín inú ara tí ó ń gbé ohun tí ọmọ ń jogún), àgbébọ̀ ní Z kan àti W kan; ọmọ tí ó bá gba Z lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni yóò jẹ́ akọ, èyí tí ó bá gba W ni yóò jẹ́ abo. Àwọ̀ tí ó bá wà lórí Z ìyá, nígbà náà, ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ akọ nìkan ni ó lè jogún rẹ̀. Bí àkùkọ pupa bá gun àgbébọ̀ tí Z rẹ̀ ru àwọ̀ fàdákà, èyí tí ó máa ń bo pupa mọ́lẹ̀, àwọn akọ yóò gba àwọ̀ ìyá, àwọn abo yóò sì gba ti baba. Bí ẹ bá yí i padà, tí baba jẹ́ aláwọ̀ fàdákà pọ́ńbélé, tí ìyá sì pupa, gbogbo ọmọ yóò jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, kò sì ní sí ohun tí ẹ lè fi àwọ̀ mọ̀.

Ibi tí àwa ará ẹ̀yìnkùlé ti ń ṣubú nìyí. A ó ra Isa Brown mẹ́ta tí ó ti darúgbó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kó adìẹ rẹ̀ kúrò, a ó dà wọ́n mọ́ àkùkọ ìbílẹ̀, wọ́n ó sì bímọ, a ó wá máa wo ọmọ náà bí ẹni tí ó ń wo ọmọ Isa Brown tí ó ti oko ńlá wá. Aládùúgbò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òbáńtókò. Ọmọ mẹ́rìnlá ni ó jáde, ó ka mẹ́sàn-án tí ó pọ́n sí abo, ó sì ti pín mẹ́rin nínú wọn fún àna rẹ̀ kí oṣù kẹta tó pé. Nígbà tí wọ́n dàgbà, márùn-ún nínú mẹ́sàn-án náà ni ó ń kọ bí àkùkọ. Àwọ̀ Isa Brown kò purọ́ fún un. Ìran kan ṣoṣo ni àdéhùn àwọ̀ náà wà fún, òun sì ti bọ́ sí ìran kejì.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìyẹ́ apá tí fídíò rẹ̀ ń kiri lórí fóònù rí. Bí ẹ bá na apá ọmọ adìẹ tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ ó rí ìyẹ́ ìpele méjì, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè tí ó bò ó. Wọ́n á ní bí ti ìsàlẹ̀ bá gùn ju ti òkè lọ dáadáa, abo ni. Bí méjèèjì bá dọ́gba tàbí tí ti òkè bá gùn jù, akọ ni. Òótọ́ ni, bí baba bá jẹ́ irú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń tètè hù, tí ìyá sì jẹ́ irú èyí tí tirẹ̀ máa ń pẹ́. Ní ibi tí a kò bá ti mọ èyí, a kàn ń wo ọmọ tí ìyẹ́ rẹ̀ yá àti ọmọ tí tirẹ̀ falẹ̀ ni, kì í ṣe akọ àti abo. Ẹ má sì tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lára òpìpí tàbí adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń ká sẹ́yìn, nítorí ìyẹ́ wọn kì í hù bí ti àwọn yòókù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n yé ṣe ni títẹ ìdí ọmọ adìẹ. Iṣẹ́ gidi ni lóòótọ́. Àwọn ará Japan, Kiyoshi Masui àti Juro Hashimoto, wà lára àwọn tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1929, àwọn oko ńlá sì ń san owó fún àwọn tí wọ́n ti fi ìgbà pípẹ́ kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ihò ìdí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, lábẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń wò ó, láàárín ọjọ́ kan tí ọmọ adìẹ jáde, àwọn abo kan sì wà tí tiwọn jọ ti akọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó lórí fóònù, ó sì dán an wò sára ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ mẹ́rin kan. Ó fi àtàńpàkò tẹ ikùn rẹ̀ bí ẹni ń tẹ tùbù ọṣẹ ìfọyín. Ọmọ adìẹ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ìfun rẹ̀ yọ díẹ̀ níta, kò sì rí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Akọ ni tàbí abo, a kò mọ̀ títí di òní. Ní ti gbígbé ọmọ adìẹ kọ́ lẹ́sẹ̀ láti mọ èyí tí yóò jà àti èyí tí yóò dákẹ́, ìjayà ni ẹ ń wò, kì í ṣe ohun mìíràn.

Nígbà tí ọmọ adìẹ bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ogbe orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò fi wé. Ti akọ máa ń tètè ga, ó máa ń tètè pọ́n, ẹran pupa abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ náà a sì ti máa yọ. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé a máa ń fi ọmọ ìyá kan wé ọmọ ìyá mìíràn. Adìẹ tí ogbe rẹ̀ dúró gàgà bí ẹnu ayùn yóò dà bí akọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ogbe rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, kódà bí ó bá jẹ́ abo, bẹ́ẹ̀ ni akọ tí aràn ti jẹ nínú lè ní ogbe tí ó kéré, tí kò sì pọ́n, bí ti abo. Ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n jáde lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ kan náà, ni kí ẹ fi wéra. Ẹ sì rántí pé ogbe abo náà yóò pọ́n fòò bí ó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, èyí tí ó lè jẹ́ ní bí oṣù márùn-ún.

Ìtóbi ni ó tan èmi fúnra mi jẹ ní Láfẹ́nwá. Ẹ̀jẹ̀ FUNAAB Alpha wà nínú adìẹ tí mo tà yẹn, adìẹ tí yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tí ó wà ní Àlábàtà níbí fi adìẹ ìbílẹ̀ ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ kí ó lè sanra jù wọ́n lọ. Mo ti wá fi í sáàárín àwọn adìẹ ìbílẹ̀ lásán, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ó tóbi. Abo tí irú rẹ̀ tóbi yóò ga ju akọ tí irú rẹ̀ kéré lọ. Pé ó ń lé àwọn yòókù kúrò nídìí oúnjẹ kò tún fi ohun kan hàn, nítorí pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn abo náà. Ògàn pàápàá kò yẹ kí ẹ gbára lé, nítorí pé kókó lásán ni ti ọ̀dọ́ àkùkọ, àgbébọ̀ tí ó bá sì ti dàgbà lè hu ògàn. Abo mìíràn tilẹ̀ lè kọ bí àkùkọ, èyí tí àwọn kan ń kà sí àmì ibi tí wọn a sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ibi ẹyin apá òsì nìkan ni ó máa ń ṣiṣẹ́ lára abo adìẹ; bí àrùn bá bà á jẹ́, ti apá ọ̀tún lè yí padà bí ti akọ, adìẹ náà a sì pa ẹyin tì, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ohun tí mo ń wò báyìí ni ìyẹ́ ẹ̀yìn, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá. Ní alẹ́ tí adìẹ bá ti wọlé, tí kò sì ní jà, mo máa ń gbé e sórí itan, mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì máa ń fi ọwọ́ ya ìyẹ́ tí ó wà níwájú ìrù gẹ́lẹ́, níbi tí ẹ̀yìn ti ń sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ, n ó rí ìyẹ́ tuntun tí ó tínrín, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, tí ó ń dán bí ẹni pé a fi epo pa á, tí ó sì ń já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ti abo fẹ̀, ẹnu rẹ̀ rí roboto bí ẹnu ṣíbí, kì í sì í dán tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má wo ìyẹ́ kan ṣoṣo; ẹ wá èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, nítorí pé èyí tí wọ́n fi ṣe ọmọdé ṣì lè wà lára wọn, roboto ni ó sì máa ń rí lára akọ àti abo.

Nítorí pé ìdúró yìí gùn, mo máa ń so òwú aláwọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, n ó sì kọ ohun tí mo rò sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà kí n lè fi wé ohun tí mo rí ní ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ẹ máa tú òwú náà so lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo gbàgbé èyí nígbà kan, ẹsẹ̀ dàgbà, òwú kò dàgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹran. Ẹ má sì jẹ́ kí iye tan yín láti pa adìẹ tí kò tọ́: pé akọ àti abo ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín ẹgbẹ̀rún ọmọ kò ní kí ọmọ mẹ́jọ tiyín jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Mẹ́fà sí méjì kì í ṣe ohun ìyanu rárá.

Ọmọ méje ni ó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ti fi ogbe hàn pé akọ ni wọ́n; olówùú pupa àti olówùú aláwọ̀ ewé kò tíì fi ohunkóhun hàn. Ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì èwo nínú wọn ni a ó pa fún ọdún, mo sì ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.