Ṣọ́ọ̀kì Ni Kó Ṣáájú Sípánà: Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Bẹ́líìtì Kọ̀nféyọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé bẹ́líìtì kọ̀nféyọ̀ òun (bẹ́líìtì gígùn tó ń gbé ẹrù lọ lórí rólà) ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi onítọ̀hún kí n tó gbé àpò irinṣẹ́: ṣé gbogbo bẹ́líìtì ló ń yà tó bá ti dé ojú kan, àbí ojú kan lára bẹ́líìtì ló ń yà níbi gbogbo tó bá dé? Ẹni tó ń dá mi lóhùn kò pọ̀. Sípánà ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ń yí bóòtù ìdí ẹ̀rọ láti àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn yẹn ni ìlàjì iṣẹ́, ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló sì ń gbà.

Iṣẹ́ fọkanáísà ni mo kọ́ ní Tákì, nínú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tẹ̀lé àwọn kan lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ibẹ̀ ni mo ti mọ kọ̀nféyọ̀. Ní báyìí, ilé ìlọ̀ oúnjẹ adìyẹ àti ilé iṣẹ́ pákí ló pọ̀ jù nínú ibi tí wọ́n ń pè mí sí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́. Bẹ́líìtì wọn kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa bẹ́líìtì ńlá náà ló ń pa kékeré.

Alhaja kan ní ilé ìlọ̀ oúnjẹ adìyẹ lójú ọ̀nà Ìlọrin. Bẹ́líìtì rẹ̀ tó mítà 12 láti orí dé ìdí, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Òun ló ń gbé àgbàdo àti sóyà láti inú kòtò lọ sókè ẹ̀rọ ìlọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, etí òsì bẹ́líìtì ti rí gbọ́jẹgbọ̀jẹ bí ẹni pé eku jẹ ẹ́, àwọn òwú inú rẹ̀ sì ti ń yọ síta.

“Bàbá Táyé, ẹ bá mi wò ó,” ni Alhaja wí. “Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín ọdún kan tí mo máa ra bẹ́líìtì.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Alhaja. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó.”

Wásíù, ọmọ iṣẹ́ mi, ti nawọ́ sínú àpò. “Ọ̀gá, ṣé sípánà 24 ni kí n mú wá?”

“Ṣọ́ọ̀kì ni kó o mú wá.”

Bí a ṣe ṣe é rèé. A pa ẹ̀rọ, a fa ìlà gbọọrọ kan kọjá lórí bẹ́líìtì níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Lẹ́yìn náà, a sàmì sára férémù níbi mẹ́rin, ní ọ̀gangan ibi tó yẹ kí etí bẹ́líìtì máa gbà. A tan ẹ̀rọ láìkó àgbàdo sí i, a sì dúró wò ó. Ní gbogbo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìlà yẹn bá ti ń dé báyìí, bẹ́líìtì á fò sápá òsì tó ìwọ̀n ìka méjì. Bí ìlà bá ti kọjá tán, á padà sáyè rẹ̀. Ojú kan lára bẹ́líìtì ló ń yà, níbi gbogbo tó bá dé. Oríkèé tí wọ́n so ló wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ oríkèé ni wọ́n fi ń jẹ bóòtù níyà lójoojúmọ́.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo bẹ́líìtì ló ń yà lójú kan náà, férémù tàbí rólà ibẹ̀ ló lẹ́jọ́ láti jẹ́. Tiwọn nìyẹn, màá padà sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan: ẹ pa súwíìṣì ńlá, ẹ yọ fíúsì, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ. Kì í ṣe àpò ọ̀gá ilé iṣẹ́, kì í ṣe orí tábìlì. Iná tó lọ kì í ṣe ààbò, torí ó lè dé nígbàkigbà, ẹlòmíràn sì lè tan jẹnẹrétọ̀. Bẹ́líìtì tó dàgẹ̀ẹ́rẹ́ tún ní ewu tirẹ̀. Bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, tí a sì tú oríkèé tàbí mọ́tọ̀ iná rẹ̀, ó lè sáré padà sísàlẹ̀ láìsí iná rárá. Mo máa ń kó ẹrù orí rẹ̀ kúrò tán, n ó sì fi igi méjì tó nípọn há bẹ́líìtì láàárín, n ó fi bóòtù dì wọ́n, n ó sì fi ṣéènì so wọ́n mọ́ férémù. Mo ti rí ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ há sáàárín bẹ́líìtì àti púlì (irin roboto ńlá tí bẹ́líìtì ń yí po ní orí àti ní ìdí) nítorí pé ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ìdí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ọwọ́ tẹ̀ lé e. Kò sí àgbàdo tó níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹjọ́ rólà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdọ̀tí. Ìyẹ̀fun tó bá rin máa ń lẹ̀ mọ́ rólà ìsàlẹ̀, á gbẹ, á le bí ògiri. Rólà tó bá yọ gẹ̀gẹ̀ lápá kan kò lè gbé bẹ́líìtì tààrà láéláé. Ẹ ha á dànù, kí ẹ fọwọ́ yí gbogbo rólà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí.

Tó bá ṣì ń yà, òfin kan wà tó yẹ kí ẹ há sórí: etí rólà tí bẹ́líìtì bá kọ́kọ́ fara kàn ni bẹ́líìtì ń yà sí. Ẹ dúró sẹ́yìn, kí ẹ kọjú síbi tí bẹ́líìtì ń lọ, kí ẹ ka rólà sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí bẹ́líìtì bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹ ti etí ọ̀tún rólà síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ yà sósì. Rólà méjì tàbí mẹ́ta tó ṣáájú ibi tó ti ń yà ni kí ẹ tì, kì í ṣe èyí tó wà níbẹ̀ gan-an. Kí ẹ tì í díẹ̀díẹ̀, kí ó má ju mìlímítà méjì mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì yí po lẹ́ẹ̀méjì sí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó tún nǹkan kan ṣe. Àìnísùúrù níbí yìí ló ń mú kí ènìyàn máa ti rólà kan sọ́tùn-ún, kó máa ti òmíràn sósì, títí tí gbogbo wọn á fi máa bá ara wọn jà lábẹ́ bẹ́líìtì.

Bóòtù púlì ìdí ni kó kẹ́yìn. Apá tí bẹ́líìtì bá ń yà sí níbẹ̀ ni a ń fún le, á sì máa sá kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ bóòtù yẹn gan-an ni kó fa bẹ́líìtì le, ìwọ̀n sì wà fún un: kó le tó tí púlì orí kò fi ní máa yọ̀ nígbà tí ẹrù bá kún un tí a sì tan án. Kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́líìtì tó le bí okùn gángan ń fa oríkèé ya, ó sì ń pa bẹ́ríìnì tí irin púlì ń yí nínú rẹ̀. Tí púlì bá ń yọ̀ lásìkò òjò, ẹ nu omi kúrò, kí ẹ wo rọ́bà tó bo púlì bóyá ó ti jẹ tán. Ẹ má da iyanrìn sí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń gbá a mú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n inú bẹ́líìtì ni iyanrìn náà máa jẹ.

Ọ̀rọ̀ oríkèé ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ lèmi náà ti ṣìṣe. Nígbà tí mo wà níbi òkúta, wọ́n ní kí n gé bẹ́líìtì kan kí n sì so ó. Mo gbé irin onígun àwọn káfíńtà ti etí rẹ̀, mo fa ìlà, mo gé e. Ó dà bí ohun tó tọ́. Etí yẹn ti jẹ, kò tọ́ mọ́, ìlà mi náà sì wọ́. Oṣù méjì gbáko ni bẹ́líìtì yẹn fi ń dà òkúta sílẹ̀, kí bàbá wẹ́dà kan tó pè mí sẹ́yìn, tó fi okùn àti ìṣó méjì hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń lò títí dòní.

Ẹ tẹ́ bẹ́líìtì sílẹ̀ kó tọ́. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ sàmì sí àárín gbùngbùn ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa ìlà gígùn kan tó gba àárín àwọn àmì náà. Ìlà àárín yìí ni ọba, ẹ gbàgbé etí. Ẹ kan ìṣó kan sórí rẹ̀, bíi mítà kan àbọ̀ sẹ́yìn ibi tí ẹ fẹ́ gé. Ẹ so okùn mọ́ ìṣó, kí ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí okùn, kí ẹ sì fa ìlà tó tẹ̀ bí oṣù tuntun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, nítòsí etí. Ẹ tún kan ìṣó kejì sórí ìlà àárín náà, lẹ́bàá ẹnu bẹ́líìtì, ẹ fi okùn tó kúrú fa ìlà títẹ̀ mìíràn kó gba orí àwọn ti àkọ́kọ́ kọjá. Ojú ibi méjì tí àwọn ìlà yẹn ti pàdé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú rúlà. Ìlà yẹn gún régé sí àárín, ì báà jẹ́ pé eku ti jẹ etí méjèèjì.

Bó o bá ti lẹ táyà rí, wàá lóye ìyókù. Gọ́ọ̀mù tí kò nílò iná ni mo ń lò. Bẹ́líìtì Alhaja ní ìpele aṣọ mẹ́ta nínú rọ́bà rẹ̀, torí náà àtẹ̀gùn méjì la gé sí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Mo fi abẹ tó mú gé aṣọ òkè, mo bó o bí èèpo. Ẹ̀mí iṣẹ́ yìí wà nínú ọwọ́ tó mú abẹ: aṣọ tí ẹ ń gé ni kí abẹ dé, kó má kan ti abẹ́ rẹ̀. Tí abẹ bá fara kan èyí tó wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ní hàn lónìí, àmọ́ ojú ibẹ̀ gan-an ni bẹ́líìtì á ti já. Nígbà tí Wásíù ń gé tirẹ̀, mo ní kó máa fi àtàńpàkò ọwọ́ kejì tẹ ìdí abẹ kó lè mọ̀ ọ́n lára bí aṣọ kan bá ti tán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ha gbogbo ojú rẹ̀ kó rí págunpàgun, ẹ gbọn eruku rẹ̀ kúrò, ẹ má sì fi ìka tó làágùn kàn án mọ́. Ẹ po gọ́ọ̀mù pẹ̀lú omi tó ń mú un le, ìwọ̀n tí ẹ máa lò nìkan. Ẹ kun ún lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ pátápátá. Ẹ tún un kùn, ẹ dúró, kí ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Tó bá ń di ìka mú díẹ̀ tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, àsìkò tó. Ẹ to ìlà àárín méjèèjì kó tọ́ sórí ara wọn, torí ẹẹ̀kan péré lẹ máa gbé e lé. Ẹ fi rólà kékeré tẹ̀ ẹ́ láti àárín síta kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ wá fi òòlù lù ú káàkiri. Kò sí sìgá, kò sí iná nítòsí gọ́ọ̀mù yẹn. A kì í sì ṣe é nínú ìrì tàbí nígbà tí òjò bá ṣú. Ọ̀rinrin kì í jẹ́ kó dì. Ẹnu bẹ́líìtì tó wà lókè ńkọ́? Bí a ṣe ń to páànù ilé kí òjò má bàa wọ abẹ́ rẹ̀ ni. Kí irin tó ń ha bẹ́líìtì máa gba orí ẹnu náà kọjá, kó má lè ki imú bọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀la ni kí ẹ tan án. Ẹni tí kò lè dúró kó lo kílíìpù onírin, ó yá, ó sì dára fún ìgbà díẹ̀. Kó ṣáà rántí fún àwọn bóòtù rẹ̀ le lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá máa ra tuntun, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. EP 400/3 túmọ̀ sí aṣọ mẹ́ta, agbára 400 newton fún mìlímítà ìbú kọ̀ọ̀kan. 4+2 túmọ̀ sí pé rọ́bà òkè nípọn mìlímítà mẹ́rin, ti ìsàlẹ̀ méjì. Èyí tó nípọn ni kó kọjú sí ẹrù. Mo ti bá èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tó ń kó èérí ẹ̀pà tàbí èérí ẹkùrọ́ kó béèrè fún rọ́bà tí epo kì í pa, torí epo inú wọn ń mú rọ́bà lásán wú, á sì rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kajú, epo inú èèpo rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń bó awọ ọwọ́, kò sì ní ṣàánú bẹ́líìtì.

Bẹ́ríìnì náà ní àkàsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, tó bá ti jẹ́ 04 sókè, ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀: UCP 208 gba irin mìlímítà 40, 6204 gba 20. Ẹ nu ẹnu ibi tí gíríìsì ń gbà kí ẹ tó fún un, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku wà níbi gbogbo, ẹ má sì fún un títí tí rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀ á fi bẹ́. Òkèèrè lolójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun: bẹ́ríìnì tó bá ti ń ké wínníwínní lónìí, ẹ ra òmíràn sílẹ̀ kó tó dákẹ́ lójijì lọ́jọ́ tí adìyẹ ń retí oúnjẹ.

Ní ti Alhaja, a tan bẹ́líìtì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lófìfo ná, kí wọ́n tó kó àgbàdo sí i. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹjọ láti fún bóòtù ìdí le, torí oríkèé tuntun máa ń jẹ́ kó fà díẹ̀. Ìyípo kan àbọ̀ ni mo yí i, lọ́tùn-ún àti lósì. Agolo mílíìkì tí Wásíù fi kó ṣọ́ọ̀kì sí ṣì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì, ìlà funfun orí bẹ́líìtì sì ń gba iwájú àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá láìyà.