Bí mo ṣe fi báírò tú 4,294,967,297

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé nọ́ńbà yìí ṣeé pín, ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ ara mi pín in rí. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi tó wà ní SS2 gbé ìwé àjákọ sílẹ̀, a ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ká ní owó ẹyọ ni, ọ̀kẹ́ 214,748 ni (ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000), ó sì ṣẹ́ ku 7,297.

Ọ̀dọ̀ Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4; 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16; lẹ́yìn náà 256, lẹ́yìn náà 65,536. Fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3, 5, 17, 257, 65,537. Kò sí ohun tó lè pín ìkankan nínú wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Fermat gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Èyí tó tẹ̀lé wọn gan-an ni tiwa yìí, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, sì tú u ní 1732.

Euler náà ló tún fi hàn pé ohunkóhun tó bá lè pín in, tí a bá fi 64 pín òun náà, 1 ló máa ṣẹ́ kù. Ìyẹn gbà wá lọ́wọ́ wàhálà ńlá. 193, 257, 449, 577 àti 641 nìkan ló yẹ ká kọ́kọ́ dán wò, torí pé àwọn yòókù tó wà láàárín wọn, bíi 65 àti 129, ṣeé pín fúnra wọn.

A ò tilẹ̀ pín nọ́ńbà gígùn náà rárá, torí pé 65,536 lọ́nà 65,536, ká fi 1 kún un, ni. 65,536 la pín, a mú àṣẹ́kù rẹ̀, a sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, a tún pín, a wá fi 1 kún un. 193 ṣẹ́ ku 109. 257 ṣẹ́ ku 2, 449 ṣẹ́ ku 325, 577 ṣẹ́ ku 288.

Ó kan 641. Ó wọ inú 65,536 lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gọ́rùn-ún, ó ku 154. 154 lọ́nà 154 jẹ́ 23,716. 641 wọ inú ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógójì, ó ku 640. Mo ti ń kọ 640 sílẹ̀, inú mi ti bàjẹ́, nígbà tí àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì fi 1 yẹn kún un.”

641! Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Mo dìde lórí àga.

A yẹ̀ ẹ́ wò, torí 641 lọ́nà 6,700,417 ló yẹ kó jẹ́ nọ́ńbà wa: 6,700,417 lọ́nà 600 jẹ́ 4,020,250,200, lọ́nà 41, ó jẹ́ 274,717,097. A ro méjèèjì pọ̀, nọ́ńbà wa ló jáde.

Ṣé 6,700,417 náà kò tún ṣeé pín? Ibí yìí ló gba àkókò jù. Títí dé 2,588 nìkan la ní láti wá a dé, torí 2,589 lọ́nà ara rẹ̀ ti ju 6,700,417 lọ: 641 fúnra rẹ̀, 769, 1,153, 1,217, 1,409, 1,601, 2,113. Gbogbo wọn ló ṣẹ́ kù.

Àbúrò mi ti kọ èyí tó tẹ̀lé e sílẹ̀ báyìí: 18,446,744,073,709,551,617. Nọ́ńbà tó kéré jù tó lè pín in, yàtọ̀ sí 1, ni 274,177. A ò ní wá a láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n àṣẹ́kù kan náà la máa fi yẹ̀ ẹ́ wò ní Sátidé tó ń bọ̀.