Ère Wesley dé Ìfàkì, ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèló

Owó tí mo fi ra ère yìí ò dùn mí rárá o, owó tí mo fi gbà á sílẹ̀ l'Ékòó ló ń dùn mí, torí ó ju owó ère fúnra ẹ̀ lọ. Ère amọ̀ kékeré kan ni, John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ló dúró nínú àga ìwàásù, iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò Staffordshire n'Ílùú Òyìnbó láyé Ọbabìnrin Victoria. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé ni wá n'Ífàkì, mo ní kí dádì mi rí nǹkan gidi gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ibi ká yàn án, mi ò ní parọ́, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, ayédèrú ni, ihò ìdí ẹ̀ fẹ̀, góòlù ara ẹ̀ ń dán bíi yẹtí inú ọjà. Ti àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ amọ̀ mọ́ inú móòdù, ó máa ń wúwo, ihò kékeré báyìí ló máa ń ní kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde nínú iná, góòlù ẹ̀ á sì ti ṣá. Ayédèrú, amọ̀ olómi ni wọ́n ń dà sí móòdù, ìyẹn ló ṣe ń fúyẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn ère pẹrẹsẹ tí kò lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó lábùkù, ara ògiri ni wọ́n ń gbé e tì. Mo ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ìdí ẹ̀ fún mi, ó yà á, mo sanwó, ó fi ránṣẹ́.

Àfi bí éjẹ́ǹtì tó ń bá mi gba ẹrù sílẹ̀ ṣe pè mí láti Èkó. "Bọ̀ọ̀sì mi, wọ́n ní ère ni o, wọ́n ní pépà mùsíọ̀mù dà?" Pépà mùsíọ̀mù kí ni? Òfin mùsíọ̀mù ilẹ̀ wa, ti ọdún 1979, tí wọ́n ń sọ yẹn, nǹkan àtijọ́ tó ń jáde kúrò ní Nàìjíríà ló ń dá dúró, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tiwa tó ti wà ṣáájú ọdún 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti fi ṣorò. Wesley wá ń jáde lọ síbo? Àbí orò ìlú wo ni wọ́n fi í ṣe? Ó ní òun mọ̀, pé ẹni tó jókòó sídìí ẹrù ni kò mọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó ibi tí wọ́n kó ẹrù sí ń gorí ara wọn, owó "ẹ bá wa dá sí i", owó ọkọ̀, tí n bá pè é kò ní gbé, tó bá gbé e, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo fi òfin yẹn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ní "OK sir", ó wá fi nọ́ńbà àkáǹtì tì í lẹ́yìn! Inú bí mi débi pé ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo sọ pé mi ò sanwó kankan mọ́ àfi kí n rí risíìtì tó ní sítáǹpù ni ohùn ọ̀gbẹ́ni yí padà, kò sì pẹ́ tí ère fi jáde, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ mùsíọ̀mù.

Torí náà, risíìtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe iye owó.

Ère Wesley tí Enoch Wood, amọ̀kòkò Staffordshire kan, mọ ni mo ń wá báyìí, orí àti àyà nìkan, ọdún 1781 ni Wesley fúnra ẹ̀ jókòó fún un ní Burslem kó fi mọ ọ́n. Tí mo bá rí i, àbúrò mi tó ń bọ̀ wálé fún Kérésì ló máa gbé e sínú báàgì ọwọ́.